Àjàyí Tí Wọ́n Sọ Di Onígòjé: Ìtàn Àwọn Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Onípáànù, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó sì gba àárín Ṣómólú kọjá lọ sí Bàrígà, yóò bá ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbẹ̀. CMS Grammar School ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Broad Street ní Erékùṣù Èkó, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré, kí ó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Bàrígà. Ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ó jẹ níbẹ̀ ni Thomas Babington Macaulay. Oníṣòwò tí ó fi £50 sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies. Bí a bá yọ Labulo kúrò, ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ìlú Sàró ni wọ́n sì gbé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà bọ̀.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kún ìtàn Èkó: Williams, Johnson, Cole, Davies, Savage, Payne, Crowther. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè wọ́n ní orúkọ ẹrú, wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń kà wọ́n sí orúkọ ọlọ́lá, nítorí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ di lọ́yà, dókítà àti bíṣọ́ọ̀bù láàárín wa ni wọ́n jẹ́ wọn. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, kí ni orúkọ wọ̀nyí túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn tí ó ni èdè náà?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi orúkọ ìdílé wáyé. Kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun wọn ní 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́. Àwọn olówó tí ó ní ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ogún. Ó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí àṣà náà tó kárí àwọn mẹ̀kúnnù. Ìwé owó-orí ọdún 1377, 1379 àti 1381 fi hàn bí akọ̀wé ìjọba ṣe ń kọ ènìyàn sílẹ̀: John yìí, alágbẹ̀dẹ ni, John tọ̀hún, aránṣọ ni. Alágbẹ̀dẹ ni Smith, orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wọn títí di òní. Taylor ni aránṣọ, ibẹ̀ náà sì ni télọ̀ tiwa ti wá. Johnson ni ọmọ John, Williams ni ọmọ William, Davies sì ni ọmọ David. Àwọn kan gba orúkọ ibi tí wọ́n ń gbé. Orúkọ àwọn mìíràn kò ju àlàjẹ́ lọ, irú èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi í ń bú ènìyàn tí yóò sì mọ́ ọn lára.

Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1807 láti fòpin sí òwò ẹrú ni ó gbé orúkọ wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń já àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Freetown. Ogun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú Òwu àti Ẹ̀gbá ni ó sọ àìmọye Yorùbá di ará Sàró. Akọ̀wé a máa kọ wọ́n sílẹ̀, míṣọ́nnárì a sì máa rì wọ́n bọmi. Àwọn oníwà-bí-Ọlọ́run nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ máa ń dá owó lọ́dọọdún láti tọ́ ọmọ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ọmọ náà a sì máa jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ń sanwó.

Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì rì í bọmi ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther, tí ó wà lára àwọn alátìlẹ́yìn àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ CMS, ni wọ́n fún un. Láti inú orúkọ ohun èlò orin olókùn kan tí a ń fi ọrun fà ni Crowther ti wá. Àwọn ará Wales ń pè é ní crwth. Ẹni tí ó ń ta ohun èlò yìí ni crowther. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní tààrà, onígòjé ni. Àjàyí kò ta gòjé rí, bẹ́ẹ̀ ni kò dájú pé àlùfáà London náà mọ̀ ọ́n ta. Orúkọ iṣẹ́ baba ńlá ẹlòmíràn, tí wọ́n ti gbàgbé iṣẹ́ náà, ni ọmọ Òṣóògùn gbé wọ ilé ìtàn.

Ìyá rẹ̀ kò mọ Crowther. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùnlélógún, Àfàlá àti ọmọ rẹ̀ tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta. Àjàyí ni ó ń wá. Ní 1848 ni òun náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Hannah, nítorí pé Hannah ni ìyá Samuel inú Bíbélì. Ọmọ ló máa ń gba orúkọ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá nílẹ̀ Yorùbá. Níhìn-ín, orúkọ tí àjèjì fún ọmọ ni ó bí orúkọ ìyá.

Ti Sara Forbes Bonetta tún lé kenkà ju èyí lọ. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó o, Ọba Ghezo sì fi í ta Ọ̀gágun Frederick Forbes lọ́rẹ ní 1850 kí ó mú un fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes ni orúkọ ọ̀gágun. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé ọmọ náà lọ. Wọ́n fi ọkọ̀ sọ ènìyàn lórúkọ! Àìná ni a gbọ́ pé ó ń jẹ́ nílé. Ní 1862 ó fẹ́ Davies, oníṣòwò tí a dárúkọ lókè.

Àìná, Àjàyí: orúkọ àmútọ̀runwá ni méjèèjì. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Èyí tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin, Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin. Òjó Oriare, láti agbègbè Ìkìrun, ni bàbá Macaulay ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn òbí kì í yan irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ni ó mú un wá.

Ní ti Macaulay, orúkọ òǹkọ̀tàn àti òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n gbé lé ọmọ Òjó lódindi. Bàbá òṣèlú náà, Zachary Macaulay, ti ṣe gómìnà Sàró ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Orúkọ àwọn ará òkè Scotland ni, “ọmọ Olaf” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Olaf ní tirẹ̀ wá láti èdè àwọn ará Norway àtijọ́, ó sì fara pẹ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní àrólé, ẹni tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Macaulay ti Èkó fẹ́ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọmọ wọn ni Ọláyínká Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, tí ó fi òṣèlú da ìjọba amúnisìn láàmú títí ó fi kú ní 1946. Ọmọ-ọmọ onígòjé, ọmọ àrólé Olaf, ni ó ń bá òyìnbó jà lórí ilẹ̀ Èkó.

Àwọn mìíràn pa ni lẹ́rìn-ín. John Augustus Otunba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú, jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ gíga Èkó, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ pàtàkì. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ará oko, tí ó wá di kèfèrí nígbẹ̀yìn, ni Payne ti jáde. Savage ni ẹhànnà. Ìdílé tí ó ń jẹ́ ẹ ní Èkó ni ó bí Agnes Yéwándé Savage, tí ó gboyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1929, obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Cole lè jẹ́ ìgékúrú Nicholas, ó sì lè jẹ́ àlàjẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹni tí ó dúdú bí èédú láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ náà yí padà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nínú iṣẹ́ ìjọ ní agbègbè odò Ọya ní nǹkan bí 1890. Wọ́n wọ́ iyì Crowther arúgbó nílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó wò ó pé Bíbélì, kóòtù àti orúkọ òyìnbó kò sọ àwọn di ẹgbẹ́ òyìnbó. Orishatukeh Faduma, tí ó ń jẹ́ William James Davies, ti yí tirẹ̀ padà ní Sàró láti 1887. Ní 1894, David Brown Vincent, olórí àwọn onítẹ̀bọmi aládàáni, di Mojola Agbebi, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pátápátá. Jacob Henryson Samuel di Adegboyega Edun, akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá. Àlùfáà James Johnson kò fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ àjèjì rì ọmọ bọmi mọ́, ṣùgbọ́n James Johnson ni òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ títí ó fi kú ní 1917. A kò gbọ́dọ̀ pè é ní alágàbàgebè. Ẹni tí gbogbo ayé ti fi orúkọ kan mọ̀ fún ogójì ọdún kò rí i jù nù bí ẹni bọ́ fìlà.

Ìdílé Williams láti Iléṣà ni ó fi ìṣòro náà hàn jù lọ. Christopher Alexander di lọ́yà ní 1879, ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó fi Sapara kún orúkọ rẹ̀, ó di Sapara Williams. Àbúrò rẹ̀, Alexander Johnson Williams, kò fẹ́ àfikún. Ó ju ti òyìnbó sọnù, ó di Ògúntólá Sapara, dókítà tí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìwé ìjọba kò sì lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ara orúkọ ìkẹyìn wọn.

Níbí ni ìpalára orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wà gan-an, kì í ṣe nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé tí ó dúró lójú kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní orílẹ̀. Ọmọ Òpó, ọmọ Ẹ̀rìn, ọmọ Ìkòyí: bí méjì nínú wọn bá pàdé ní ìlú òkèèrè, oríkì ni yóò sọ fún wọn pé ìbátan ni wọ́n, pé wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Samuel Johnson, ọmọ Sàró tí a bí ní 1846, fi apá kan ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ṣàlàyé orúkọ, oríkì àti orílẹ̀ wọ̀nyí. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni òun, Johnson kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Williams méjì lè pàdé ní Èkó, kí ọ̀kan jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, kí èkejì jẹ́ Ẹ̀gbá, kí ẹ̀jẹ̀ má pa wọ́n pọ̀ rárá.

Àwọn tí ó padà sí orúkọ Yorùbá kò sì padà sí orílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dì mú. Orúkọ bàbá kan dúró, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ́ ẹ lọ, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́, kóòtù àti ṣọ́ọ̀ṣì kò ní àyè fún oríkì nínú ìwé wọn. Lónìí ọ̀pọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ́nńbélé kò mọ orílẹ̀ rẹ̀ ju bí Williams ṣe mọ tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Sapara tún ṣẹlẹ̀ ní ìdílé Ransome-Kuti. Àwọn kan rò pé owó ìràpadà ẹrú ni Ransome, nítorí bí ó ṣe dún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Ọmọ Rand” ni àwọn ará ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè. Josiah Jesse Kuti, àlùfáà olórin Abẹ́òkúta, ni ó gbà á lọ́dọ̀ míṣọ́nnárì. Ní àwọn ọdún 1970, Fẹlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, sọ ọ́ nù gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹrú, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Olíkóyè, tí ó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, àti Bẹ̀kọ́, ajà-fẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, kò yí tiwọn padà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn méjèèjì kò kọjú ìjà sí amúnisìn tó.

Nísinsìnyí, ọ̀nà mìíràn ni ìyípadà orúkọ gbà ń lọ. Nínú ìkéde tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn ìbúra ní kóòtù, kì í sábà jẹ́ orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń kọ̀. Ifá, Ògún àti Èṣù ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n ń fi Olú tàbí Jésù dípò. Agbebi ń wá ọ̀nà àtibọ́ sínú orúkọ baba rẹ̀. Àwọn tí ó ń kéde lónìí ń wá ọ̀nà àtijáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní ìtúsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Fẹlá ṣe pe tirẹ̀.

Ojú ọ̀nà Ìkòròdú kò tíì gbọ́ ìkéde kankan. Ibùdókọ̀ tí ó ṣáájú Onípáànù, bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti Jíbówú, ń jẹ́ Fádéyì, pẹ̀lú Ifá nínú rẹ̀ ketekete. Onípáànù fúnra rẹ̀, oní Yorùbá ni ó lé orí pan àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí Smith àti Taylor ṣe gba orúkọ láti ara ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe méjèèjì láàárọ̀ lálẹ́, ẹni tí ó sì ń jẹ́ Williams nínú ọkọ̀ náà ń dáhùn pé, “Ó wà o!”