Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àtàǹpàkò ọlọ́kadà

Aago 5:00 ìdájí. Ẹ̀kọ ti ń hó nílé wọn ní Kuta, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó ni ọjọ́ yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí iṣẹ́ abẹ ló ń lọ ṣe. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú wọn ni mo kó jọ sínú ọjọ́ kan. Ó ṣubú lọ́nà Ìwó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ọ̀kadà sì gbá a ní ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún.

Aago 6:30. Wọ́n wọ mọ́tò Òṣogbo. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kùn pé bàbá tó ń to eegun ò bá ti bá wọn fà á. N ò kẹ́gàn wọn o. Ọ̀pọ̀ apá ni wọ́n ti tò tó jinná. Ṣùgbọ́n eegun 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní trapezium ló gbé àtàǹpàkò dúró, ojú rẹ̀ sì tẹ̀ kòrò bíi gàárì ẹṣin. Tí gàárì yẹn bá là, kò sí ọwọ́ tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ̀ láti òde. X-ray pàápàá lè fò ó, torí àwọn eegun yòókù máa ń bò ó. Kì í sábà ṣẹ́, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Aago 8:00, ọsibítù. Káàdì, owó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìlà.

Aago 10:40. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò jẹ nǹkan kan láàárọ̀ o?" Abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn, apá kú pátápátá. Wọ́n fún apá náà lókè kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn.

Aago 11:15. Dókítà la awọ. Ẹ̀ka iṣan ìmọ̀lára kan wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ náà kò jìnnà; ó rọra gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣí oríkèé, ó rí i: eegun ti là sí méjì, awẹ́ kan sì ti bá àtàǹpàkò yọ̀ sókè. Tí àlàfo bá ti ju mìlímítà 2 lọ, POP nìkan kì í sábà tó. Ó fa àtàǹpàkò, ó ti awẹ́ náà padà, ó gún irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láti dì í mú, irú èyí tí Martin Kirschner, ará Jámánì, gbé jáde ní 1909. Lẹ́yìn náà ló wá fi skúrù kékeré dè é. Wọ́n ya X-ray lójú ẹsẹ̀. Ojú gàárì ti bára mu.

Aago 12:35. Wọ́n rán awọ, wọ́n sì fi POP di ọwọ́ títí dé orí àtàǹpàkò.

Aago 4:00 ìrọ̀lẹ́. Oògùn ń kúrò lára, ìrora ń wọlé. Dókítà ní kó máa gbé ọwọ́ sókè, kó má sì gun ọ̀kadà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán.

Aago 7:20 alẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù: kó gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, kó máa gùn ún, kó sì máa mú owó wálé lálaalẹ́.