Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Àgbàlá: Inú Ilé Àwọn Baba Wa ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìwà tí àwọn ará ìlú kan ń hù ní ayé àtijọ́, kí ó má wulẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè ogun tí wọ́n jà tàbí oyè tí wọ́n jẹ. Kí ó wọ inú ilé wọn, kí ó wo ibi tí wọ́n jọ ń jókòó, kí ó wo ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò, kí ó tó wo ibi tí olúkúlùkù ń sùn. Ní Erinje, ìlú tí Orungberuwa ń jọba lé lórí, àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ilẹ̀ pupa àti igbó ọ̀pẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ bá àbàtà àwọn Ìlàjẹ àti òkun ńlá, ìwò bẹ́ẹ̀ yóò fi ohun kan hàn án tí ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, tí mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́lé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí rò dáadáa: ohun tí gbogbo ará ilé jọ ni ni àwọn baba wa ń kọ́ tóbi, òun ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, òun ni wọ́n ń fi àyè gbà, ohun tí ó sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kékeré ni wọ́n ń ṣe é, nínú òkùnkùn ni wọ́n sì ń fi í sí.

Agbo-ilé ni ilé wọn. Bàbá àgbà kan ni olórí rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó ti gbéyàwó àti àwọn tí kò tíì gbé, ìbátan tí ó wá láti ìlú mìíràn, àti àtọ̀húnrìnwá tí ó sá di onílé, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi ń mọ ògiri rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò ní í ba iṣẹ́ jẹ́, onílé a bẹ ọ̀wẹ̀, àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ a péjọ, àwọn ọ̀dọ́ a fi ẹsẹ̀ po amọ̀ títí yóò fi fà, wọn a sì máa to ó ní ìpele ìpele, ìpele kan a gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ewé ni wọ́n fi ń bò ó. Olóògbé Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé níbẹ̀ pé koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé, ṣùgbọ́n ewé gbòdògì ni àwọn ará igbó ń lò. Ní ìhà tiwa yìí, imọ̀ ọ̀pẹ àti ti ògùrọ̀ kò sì jìnnà sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Òrùlé yìí kò dà sí ẹ̀yìn nìkan, ó tún dà sí inú. Àárín ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu, òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ̀ wá sí ibẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò tí ó bá rọ̀ yóò dà sí ojú àgbàlá kékeré tí a ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wọnú, tí a sì ti la ojú àgbàrá fún tí yóò gba abẹ́ ògiri gbé omi náà jáde. Ìkòkò ni àwọn obìnrin ń tò sí abẹ́ etí òrùlé kí wọ́n lè gbe omi òjò. Irú àgbàlá yìí kì í ṣe tiwa nìkan: Edo ní in, Èkìtì àti Ọ̀wọ̀ ní in, àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá kọ́ ilé wọn báyìí, bí àwókù ìlú Pompeii ti fi hàn. Ní ilẹ̀ tí òjò pọ̀ tó tiwa, tí igbó sì dí, ojú ọ̀run tí a fi sí àárín ilé ni ó ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n jáde sí ìta.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó yí àgbàlá yìí ká, kò sì sí ibi tí ọgbọ́n àwọn baba wa hàn sí jù ú lọ. Òrùlé bò ó, ṣùgbọ́n kò ní ògiri ní iwájú, òpó ni ó gbé e dúró. Ní ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ ni pèpéle wà, amọ̀ tí a mọ ga níwọ̀n ìjókòó, tí ó gùn láti igun kan dé ìkejì, tí àwọn obìnrin ilé sì ń fi omi amọ̀ àti ewé tí a gún ra lóòrèkóòrè títí yóò fi máa dán. Pèpéle kò ní orúkọ ẹnì kan. Òun ni àga àlejò ní ọ̀sán, òun ni ibùsùn ọ̀dọ́mọkùnrin ní òru ọ̀gbẹlẹ̀, orí rẹ̀ ni a ti ń bó ẹ̀gẹ́ tí a ó fi ṣe púpurù, orí rẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, orí rẹ̀ náà ni àgbà ń jókòó sí tí ó fi ń rí ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde. Ní igun, lórí yanrìn tútù, ni àmù wà, igbá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò ní í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A gbẹ́ ihò kékeré sí ara ògiri fún fìtílà, ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè pa á. Nígbà tí àlejò bá dé, ẹní òrè tí àwọn obìnrin etí omi hun ni a ó tẹ́ fún un, omi ni a ó kọ́kọ́ bù fún un, lẹ́yìn náà obì, lẹ́yìn náà ẹmu tàbí ògógóró. Gbogbo èyí a sì ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ni ó gbé e wá.

Yàrá ńkọ́? Ilẹ̀kùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ tẹríba wọ̀ ọ́, kò ní fèrèsé, àjà rẹ̀ dúdú fún èéfín. Ẹrù ni a ń kó sí i, oorun ni a sì ń sùn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ nínú yàrá ní ojúmọmọ, àìsàn ni a ó rò pé ó ń ṣe é.

Bí a bá kúrò ní ilé mẹ̀kúnnù tí a dé ààfin, ohun kan náà ni a ó bá, àfi pé ó pọ̀ sí i. Ààfin Déjì ní Àkúrẹ́ ní àgbàlá tí ó lé ní 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: ní àgbàlá tí wọ́n ń pè ní Uà Ubura ni a ti ń búra, ní Uà Ìkómọ ni a ti ń sọmọ lórúkọ. Ti Ọlọ́wọ̀ ní Ọ̀wọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ó tó 100 nígbà kan rí. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ògògà, ọba ìlú náà, fi iṣẹ́ fún Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, pé kí ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún òun. Kì í ṣe yàrá ibùsùn ọba ni ó gbẹ́ wọn fún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rí ni. Lójú ilẹ̀kùn náà a rí Ògògà lórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, a sì rí Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, nínú ohun tí wọ́n fi ń rù ú bọ̀ wá kí ọba. Àwòrán àlejò gbígbà ni wọ́n fi sí ojú ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé! Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ìlú ọba, kò sì padà wálé mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ni ó wà títí di òní. Ó dùn mí.

Kí ni ó wá yí ilé padà? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ni. Wolé-wolé ìgbà ìjọba òyìnbó ń kiri, ó ń pàṣẹ pé kí a la fèrèsé sí yàrá, kí a gbá ojú àgbàrá, kí a má sì sin òkú sínú ilé mọ́. N kò bá a jà, nítorí òkùnkùn yàrá àtijọ́ kì í ṣe ohun rere fún àyà aláìsàn. Páànù dé, ó ta yọ ewé nítorí kì í jẹrà, ṣùgbọ́n gígùn gbọọrọ ni wọ́n ń ṣe é, ó sì rọrùn láti fi bo ilé onígun mẹ́rin tí kò ní àgbàlá ju èyí tí ó ní in lọ. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú irú ilé mìíràn wá, ilé tí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí yàrá sì kọjú sí ara wọn ní ìhà méjèèjì. Owó kòkó àti epo gbé e wọ ilẹ̀ káàkiri, nígbà tí ó sì yá, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá rẹ̀ rẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan: kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni a ń pè é. Èyí ni ìyípadà tí mo kà sí èyí tí ó tóbi jù. Àgbàlá tí a ń jókòó sí di ọ̀nà tí a ń gbà kọjá. Yàrá sì di odindi ilé. Sítóòfù, kẹ́ẹ̀gì omi àti bàtà ni ó kún ibi tí pèpéle ì bá wà, àríyànjiyàn lórí ta ni yóò gbá a kò sì tán.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ogún àtijọ́ kú pátápátá nígbà náà. Ní 1947, ní etí òkun Ìlàjẹ, tí ó wà lábẹ́ ẹkùn Òkìtìpupa nígbà yẹn, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ dá Ayétòrò sílẹ̀ lórí àbàtà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Owó wọn jẹ́ ọ̀kan, ilé ìdáná wọn jẹ́ ọ̀kan, ẹja tí wọ́n pa àti aṣọ tí wọ́n hun jẹ́ ti gbogbo wọn. Ilé pákó lórí òpó ni wọ́n kọ́, kò sí amọ̀ níbẹ̀ tí wọn ì bá fi mọ ògiri. Ṣùgbọ́n afárá pákó fífẹ̀ ni wọ́n fi so ilé pọ̀ mọ́ ilé, orí rẹ̀ ni àgbà àti ọmọdé ti ń pàdé, tí ó fi jẹ́ pé nínú omi pàápàá wọ́n wá àgbàlá fún ara wọn. Kí ó tó di 1970, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣòwò, lóde òní sì ni òkun ń gbé ilé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìjọba gbọ́ kí ó tó pẹ́ jù. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá òde òní kò lè jọ gbé, kí ó rántí Ayétòrò.

Ìbéèrè bí a ó ṣe kọ́lé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò jọ gbé ti padà sí ẹnu ọ̀nà wa báyìí, nítorí Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 2008 ń kó àwọn ọmọ láti ibi gbogbo wá, àwọn tí ó nílẹ̀ sì ń kọ́ yàrá fún wọn: ìlà yàrá kan, ìlà yàrá ìkejì, ọ̀nà tóóró láàárín. Yàrá kótópó lè gba ogún ọ̀rẹ́ bí ìfẹ́ bá wà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí. Bí wọ́n bá bi mí, n ó ní kí onílé yọ yàrá méjì kúrò ní àárín, kí ó ṣí ibẹ̀ sí ojú ọ̀run, kí ó da páànù ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí inú kí omi òjò wọ táǹkì, kí ó mọ pèpéle yí i ká pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, kí ó sì fi ẹ̀rọ omi kan sí igun tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé. Yóò ní owó yàrá méjì ni òun pàdánù lọ́dọọdún, òótọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n ayálégbé tí ó ní ibi ìjókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í yára kó ẹrù, yàrá tí kò ṣófo rí sì ń san ohun tí ó pàdánù padà. Bíríkìlà tí ó mọṣẹ́ ní Erinje tàbí ní Òkìtìpupa lè ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ń rà ní ọjà lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ onílé ni kí ó gbà kí a kọ́kọ́ wọn àgbàlá, kí a tó fi okùn wọn yàrá.