Carybé, ayàwòrán tó gbé Yemọja sára ògiri

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò Ògùn kò tíì gbẹ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí afárá Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta yóò rí i bó ti ń wọ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì gbọ́ ariwo rẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀sà Èkó ni omi rẹ̀ ń dà sí. Ṣùgbọ́n orúkọ Yemọja, tí àwọn baba wa mọ̀ sí olódò náà, kò dúró sí ọ̀sà. Ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú la òkun kọjá, ó gúnlẹ̀ sí Bahia ní orílẹ̀-èdè Bùràsíl, ó sì di ohun tí wọ́n ń yà, tí wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n sì ń gbé kọ́ sára ògiri níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, kì í sì í ṣe Yorùbá rárá. Ajẹntínà ni wọ́n ti bí i. Carybé ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe nítorí pé ìtàn àjèjì máa ń dùn létí nìkan ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí lónìí. Ohun tó ṣe fún ìṣẹ̀ṣe tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni ohun tí àwa fúnra wa kò tíì ṣe tó fún un nílé.

Hector Julio Páride Bernabó ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1911 ni wọ́n bí i ní Lanús, ìlú kan lẹ́bàá Buenos Aires. Ará Ítálì ni baba rẹ̀, ọmọ Bùràsíl ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Ítálì. Nígbà tó di 1919, wọ́n kó wá sí Rio de Janeiro. Níbẹ̀ ló ti wọ ẹgbẹ́ Síkáòtù, níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹja. Carybé, ẹja eléyín mímú kan nínú odò ilẹ̀ wọn, ni orúkọ tó kan ọmọ yìí, òun náà ló sì fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé Yèyé-ọmọ-ẹja ni Yemọja, a ó gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló gbé e dé Bahia. Ayàwòrán àti akọ̀ròyìn ni ní Buenos Aires. Ní 1938, ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Pregón rán an jáde pé kó máa rìnrìn àjò, kó máa ya ohun tó bá rí, kó sì máa kọ ọ́ ránṣẹ́. Nígbà tó dé Salvador, olú-ìlú Bahia, ọ̀rọ̀ tó bá níbẹ̀ ni pé ìwé ìròyìn náà ti kógbá sílé. Kò sí owó oṣù mọ́, kò sì sí ọ̀gá tó ń retí iṣẹ́.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ wa rí mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kan lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún wa pé èyí tí yóò jáde lọ́la ni ìkẹyìn. Mo di àwọn ìwé tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sínú páálí, mo gbé e lọ sílé, páálí náà sì wà lábẹ́ ibùsùn mi fún ọdún mẹ́ta gbáko. Carybé kò di tirẹ̀ sínú páálí. Ó dúró ní Salvador, ó ń rìn káàkiri èbúté àti ọjà, ó ń ya ohun tó ń rí. Nígbà tó padà sílé, ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ.

Kí ló rí tó mú un lọ́kàn bẹ́ẹ̀? Ó rí àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń pè é ní acarajé. Ó rí ilé òrìṣà tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá kọrin, tí wọ́n sì ń lu ìlù fún Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja. Nagô ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí wọ́n ṣe dé ọ̀hún. Ní àwọn ọdún 1820, lẹ́yìn tí ogun fọ́ Òwu, wọ́n tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yè bọ́ ló tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Nínú àwọn tí kò rí ibi sá sí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n dè lọ sí etíkun, tí wọ́n sì tà fún àwọn olówò ẹrú, àwọn àti ará Ọ̀yọ́, ará Kétu àti àwọn mìíràn. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ tó sì bọ̀ láàrin Bahia àti ilẹ̀ wa, kọ ọ́ pé àárín Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ni àwọn Ẹ̀gbá ti ń bọ Yemọja tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá odò kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ogun lé wọn, wọ́n ru ohun ìbọ rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, odò Ògùn sì di ibùgbé rẹ̀ tuntun. Ìbarà ló ní ojúbọ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù wà.

Ogun kan náà ló pín ìdílé kan sí méjì. Apá kan ru igbá òrìṣà wá sí Ìbarà. Apá kejì kò rí nǹkan kan rù ju ohun tó wà lọ́kàn wọn lọ, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Lọ́dọ̀ wa, Yemọja ṣì jẹ́ olódò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó di olókun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn apẹja àti èrò rẹpẹtẹ a máa kó ẹ̀bùn lọ fún un ní etíkun Rio Vermelho ní Salvador.

Ní 1950, Carybé kó wá sí Salvador pátápátá. Anísio Teixeira, tó jẹ́ alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Bahia, ló pè é pé kó wá ya àwòrán sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ìjọba tó ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ka ayàwòrán mọ́ bíríkìlà àti káfíńtà, ó gbà pé ohun tí ọmọdé ń rí lára ògiri lójoojúmọ́ wà lára ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ Carybé ti ń gba ògiri kan bọ́ sí òmíràn nílùú náà. Ní 1957, ó di ọmọ Bùràsíl lábẹ́ òfin.

Ní 1960, ó ya àwòrán ńlá méjì sí ilé èrò ilé-iṣẹ́ American Airlines ní pápákọ̀ òfurufú New York tí a mọ̀ sí John F. Kennedy lónìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà, wọn kò wó o mọ́ àwòrán. Wọ́n tú wọn kúrò, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú Miami ní 2009, níbi tí arìnrìn-àjò ti ń rí wọn dòní.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lọ ni Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ilé Ṣàngó tí Eugênia Anna dos Santos, tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha, dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910. Ilé náà ní ìgbìmọ̀ olóyè méjìlá tí wọ́n ń pè ní Ọba Ṣàngó. Martiniano do Bonfim, ọmọ Bahia tó gbé Èkó kàwé rí, ló bá ìyá náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Carybé joyè níbẹ̀. Òǹkọ̀wé Jorge Amado náà joyè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olórin Dorival Caymmi, tí oyè tirẹ̀ ń jẹ́ Oníkòyí. Ta ni Yorùbá tó gbọ́ Oníkòyí tí kò mọ ibi tó ti wá?

Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ọkùnrin yìí ń lọ sí ilé òrìṣà, ó ń bá àwọn ìyálóòṣà jókòó, ó ń ya aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, adé, irinṣẹ́ àti ijó òrìṣà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni, àfi pé búrọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. 128 nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí, tó fi ọ̀dà olómi kùn, ni wọ́n kó jọ sínú ìwé ńlá kan ní nǹkan bí 1980, tí Verger àti Amado wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Èyí tó sì tóbi jù lójú tèmi ni iṣẹ́ tí báńkì kan ní Bahia gbé fún un ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Pákó igi kédárì 27 ni ó gbẹ́. Lára pákó kọ̀ọ̀kan ni òrìṣà kan wà, pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹran tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Ó fi irin àti owó ẹyọ ṣe ẹ̀ṣọ́ sí wọn. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọmọ Áfíríkà àti Bùràsíl, tó wà lábẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Bahia, ni àwọn pákó náà wà. Ẹni tó bá wọ yàrá yẹn láti Abẹ́òkúta kò nílò ògbufọ̀.

Òtítọ́ kan kù tí n kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Òyìnbó ni Carybé, àwọn obìnrin dúdú ló sì ni ìmọ̀ tó yà. Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé New York, ilé òrìṣà ní Bahia ṣì ní láti gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lùlù. Ọdún 1976 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó mú òfin yẹn kúrò. Àwọn ọmọ onílé náà ń ṣiṣẹ́ ọnà nígbà náà. Mestre Didi, ọmọ Mãe Senhora tó jẹ́ ìyálóòṣà Òpó Àfọ̀njá, ń fi imọ̀ ọ̀pẹ, awọ àti owó ẹyọ ṣe ọnà tó ti inú ojúbọ jáde. Ní 1967, ó dé Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ó ki oríkì ìdílé rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì dá a mọ̀ sí ọmọ Aṣípa. Ẹni tó bá yin Carybé tí kò dárúkọ àwọn ìyá tó kọ́ ọ, àti irú Didi tó jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé, ààbọ̀ ìtàn ló sọ. Síbẹ̀, ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa yẹ ní ìyìn. Ó dárúkọ òrìṣà kọ̀ọ̀kan, ó ya ohun tó rí bó ṣe rí i, kò sì sá lọ lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ ti yọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ògiri kan wà tó kọjú sí kíláàsì wa. Olùkọ́ kan ya Lísàbí síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ó ya Olúmọ, ó sì ya obìnrin kan tó ń sá àdìrẹ. Ara ògiri yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ Lísàbí, kí n tó lè ka orúkọ rẹ̀. Mo padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti lẹ pósítà olóṣèlú mọ́ ọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé n kò rántí orúkọ olùkọ́ náà. Tíṣà Àwòrán la máa ń pè é.

Kì í ṣe ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ la kò ní. Ní Ìtòkú, àwọn ọkùnrin ti ń gé páànù sí oríṣiríṣi ọnà láti ìgbà àwọn baba wa, àwọn obìnrin a sì fi láfún tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ìlú tó lè ṣe irú ọnà bẹ́ẹ̀ sára aṣọ lè ṣe é sára ògiri.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: “Mùsùlùmí ni mí, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, kí ló kàn mí kan Yemọja?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé kíkọ nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí bíbọ ọ́. Àlùfáà ìjọ ni Henry Townsend tó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ nìkan ló tẹ̀ jáde. Ó mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ, ìran tó ń bọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nígbàkúùgbà tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi owó ayàwòrán kún owó bíríkìlà. Kí ayàwòrán náà kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà, ní Ìbarà, ní Aké, ní Òwu, kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà, kó má baà di Tíṣà Àwòrán lẹ́nu àwọn ọmọ.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ni Carybé kú, lẹ́ni ọdún 86. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ilé ara rẹ̀ ló kú sí. Inú ọgbà Òpó Àfọ̀njá ló wà, láàrin àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Èmi ti tú páálí mi. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Ẹ̀gbá tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, àwọn tó sọ ọ́ fún mi kò sì sí mọ́. N ó máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín níhìn-ín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì mọ orúkọ olùkọ́ tó ya Lísàbí sára ògiri wa, kó jọ̀wọ́, kó sọ ọ́ fún mi.