Egbò Tí A Kò Fẹ́ Kí Ó Jiná: Ìtàn Oògùn Nínú Iṣẹ́ Abẹ Gilọ̀kómà àti Kátárààtì

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn méjì bá dìde sí ojú kan ṣoṣo, olójú náà kì í mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣọ́. Èkíní ni kátárààtì. Lẹ́yìn ọmọlójú gan-an ni dígí kékeré kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi òjò. Òun ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ojú. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, dígí yìí a máa ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ọmọlójú yóò fi funfun bí ẹ̀kọ tútù. Èkejì ni gilọ̀kómà. Omi kan wà tí ń sun nínú ojú tọ̀sán tòru, tí ó sì ń gba ojúṣàn kan tí ó rí bí asẹ́ jáde. Bí asẹ́ náà bá ń dí, omi a máa ti ẹ̀yìn ojú, a sì máa pa iṣan ìríran, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora kankan, láti etí wá sí àárín. Ẹni tí kátárààtì fọ́ lójú lè tún ríran bí a bá yọ dígí náà kúrò. Ohun tí gilọ̀kómà bá mú lọ kì í padà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń fi ọ̀bẹ àti oògùn papọ̀ bá àrùn méjèèjì jà. Ìtàn ọ̀bẹ ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, nítorí pé òun ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ tí a fi ń mú àrùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn tí ó ti ọ̀bẹ lẹ́yìn ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró.

Ilẹ̀ Nàìjíríà ni àkọ́kọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún gilọ̀kómà ti wá. Ní Kàlàbá àtijọ́, àwọn Ẹ́fíìkì ní ẹ̀wà olóró kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ẹni tí a bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún jẹ: bí ó bá bì í, wọ́n a dá a láre, bí ó bá kú, wọ́n a ní ó jẹ̀bi. Àwọn míṣọ́nnárì ọmọ Skọ́tíláǹdì dé Kàlàbá ní 1846, kò sì pẹ́ tí ẹ̀wà náà fi dé Edinburgh. Ní 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bí ó ti rí. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú tìpà, omi tí ó fi fá irùngbọ̀n ni ó sáré gbé mu kí ó lè bì. Ọpẹ́lọpẹ́ omi náà. Thomas Fraser tún ẹ̀wà yìí yẹ̀ wò ní 1862, ó sì rí i pé ó ń mú ọmọlójú sún kì. Ní 1863, Argyll Robertson kan omi rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó di 1876, Ludwig Laqueur ní ìlú Strasbourg, ẹni tí gilọ̀kómà ń bá òun fúnra rẹ̀ jà, fi eserine, èyí tí a yọ láti inú ẹ̀wà náà, tọ́jú àrùn yìí. Bí ọmọlójú ti ń sún kì ni ojúṣàn ń là, omi sì ń rọlẹ̀. Báyìí ni májèlé tí a fi ń dájọ́ ikú ṣe di ohun tí a fi ń dá ojú sí.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ẹni tí ó ní àrùn méjèèjì? Dígí tí ó ṣú wà lẹ́yìn ọmọlójú. Bí ọmọlójú bá kéré, àárín ibi tí ó ṣú gan-an ni ìmọ́lẹ̀ yóò máa gbà. Nítorí náà oògùn tí ó ń gba iṣan là ń mú kí òkùnkùn aláìsàn náà pọ̀ sí i. Bí ó bá sì ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọlójú rẹ̀ a máa le, kò ní í fẹ́ là mọ́ ní ọjọ́ tí dókítà bá fẹ́ gba ibẹ̀ yọ dígí. Oògùn àrùn kan wá di ọ̀tá ìwòsàn èkejì.

Ti ọ̀bẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ayébáyé, ní Íńdíà àti ní ilẹ̀ Haúsá, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti dígí tí ó ṣú ṣubú sínú ojú. Ní 1747, Jacques Daviel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, yọ ọ́ jáde pátápátá. Harold Ridley fi dígí àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀ ní London ní 1949, Charles Kelman ní New York sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìró tí etí kò lè gbọ́ fọ́ ọ túútúú ní 1967, tí ó fi jẹ́ pé ojú ihò kékeré ni ó ń gbà jáde. Ní ti gilọ̀kómà, Albrecht von Graefe ti gé lára awọ tí ó yí ọmọlójú ká ní Berlin, ó sì kéde rẹ̀ ní 1857. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àdánwò ni J. E. Cairns ní Cambridge, ní 1968, ṣe àlàyé iṣẹ́ abẹ tí ó gbilẹ̀ jùlọ: ó la ilẹ̀kùn kékeré sí ara funfun ojú, ó fi ìdérí bò ó, kí omi lè máa rọra yọ jáde sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè. Omi náà a máa gbá jọ síbẹ̀ bí ìléròrò, ìpéǹpéjú òkè a sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó wá ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ yani lẹ́nu. Nínú iṣẹ́ abẹ yòókù, ohun tí dókítà ń tọrọ ni kí egbò jiná kíákíá. Ẹni tí ó la ojúṣàn sí ara ojú kò lè tọrọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé egbò ni ara ka ojúṣàn náà sí. Kò ní í pẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í hun àpá yóò fi dé, wọn yóò máa bí sí i, wọn yóò sì dí ọ̀nà omi pa. Ara kò ṣe búburú kankan. Iṣẹ́ tí a dá a fún ni ó ṣe. Yorùbá tí ó mọ iṣẹ́ olóólà kò ní í ṣàìmọ bí awọ ti ń dí, àti bí àpá ti ń yọ kókó lára àwọn mìíràn. Àwọn dókítà sì ti ṣàkíyèsí pé ojú àwọn ènìyàn dúdú a máa hun àpá ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni láàrin àwọn ènìyàn dúdú ni gilọ̀kómà ti pọ̀ jù.

Ọ̀ràn yìí le sí i nígbà tí a bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì papọ̀. Bí a bá yọ kátárààtì nìkan, omi ojú lè ru sókè ní ọjọ́ kejì, kí ó sì pa ìwọ̀nba iṣan tí ó kù. Bí a bá la ojúṣàn ṣáájú, tí a wá yọ kátárààtì lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iṣẹ́ kejì lè ba èkíní jẹ́. Ṣíṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan gba aláìsàn lọ́wọ́ ìrìn àjò kejì àti owó kejì, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ìyá àgbà tí ó ti abúlé wá. Ṣùgbọ́n yíyọ dígí a máa ru ojú sókè, ojú tí a bá sì ru sókè ni àpá ń pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, nínú iṣẹ́ àpapọ̀, ojúṣàn kì í sáábà ṣiṣẹ́ tó bí ìgbà tí a là á ní òun nìkan.

Inú oògùn àrùn jẹjẹrẹ ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Oògùn tí ó ń dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dúró kí ó má bí sí i lè dá sẹ́ẹ̀lì tí ń hun àpá dúró pẹ̀lú. Fluorouracil ni wọ́n kọ́kọ́ lò púpọ̀. Charles Heidelberger ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní 1957. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1989, ènìyàn 213 tí ojú wọn ṣòro láti wò ni a pín sí ọ̀nà méjì. Abẹ́rẹ́ 21 ni a fún àwọn apá kan lẹ́bàá ojú láàrin ọjọ́ 14. Ọdún 5 lẹ́yìn náà, iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́ lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí a kò fún lóògùn, àti lára nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó gbà á. Abẹ́rẹ́ 21 sí ẹ̀bá ojú! Ìfẹ́ ojú ni ó mú kí wọ́n fara dà á.

Èkejì ni mitomycin, tí àwọn ará Japan rí ní àárín àwọn ọdún 1950 láti ara kòkòrò tín-ín-tín-ín inú ilẹ̀. Chen ní Taiwan ni ó kọ̀wé nípa lílò rẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ gilọ̀kómà ní 1983. Èyí kò gba abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Dókítà a ki kànìnkànìn kékeré bọ inú rẹ̀, a tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó la ilẹ̀kùn, a sì fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé oògùn méjèèjì yóò ran iṣẹ́ àpapọ̀ lọ́wọ́ bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí ọdún 1990 sí 2000, ojú tí ó gba fluorouracil nínú iṣẹ́ àpapọ̀ kò sàn ju èyí tí kò gbà á lọ. Nígbà tí Henry Jampel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣa gbogbo ìwádìí jọ ní 2002, mitomycin ni wọ́n rí i pé ó wúlò: ó fi nǹkan bí mílímítà 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì dín agbára omi inú ojú kù sí i. Ó dà bí ẹni pé ìrusókè tí kátárààtì ń fà ju agbára oògùn kìíní lọ. Fluorouracil a máa dá sẹ́ẹ̀lì dúró fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí mitomycin bá bà kì í tètè bí mọ́.

Agbára yìí náà ni ewu rẹ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, awọ orí ìléròrò a fẹ́lẹ́ bí ìwé, omi a máa jò, ojú a sì rọ̀ bí èso tí ó ti gbó jù. Àwọn dókítà Moorfields ní London fi hàn pé títẹ́ kànìnkànìn káàkiri ibi tí ó fẹ̀ sàn ju kíkó o jọ sí ojú kan lọ. Ní South Africa, ìwádìí 2006 kan tí ó gba ènìyàn dúdú 320 lo ìtànṣán dípò oògùn: láàrin ọdún kan, iṣẹ́ abẹ bàjẹ́ lára nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tí ó gbà á, àti 30 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ìtànṣán náà ni kátárààtì mú jù lẹ́yìn rẹ̀. Àrùn kan lọ, èkejì yọjú.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 àwọn afọ́jú tí ó ti pé ẹni 40 ọdún, kátárààtì ni ó fọ́ 43, gilọ̀kómà sì fọ́ nǹkan bí 17. Nínú 100 àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí, 5 ni ó ní gilọ̀kómà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Nínú àwọn ojú tí a ti ṣiṣẹ́ kátárààtì fún, ó ju 40 lọ nínú 100 tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ti dígí wọn ṣubú, láìsí ẹni tí ó bèèrè bóyá gilọ̀kómà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rí iṣẹ́ àpapọ̀ gbà pẹ̀lú mitomycin kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn: bí ojú náà bá pọ́n, tí ó ń dunni tàbí tí ó ń sepin, ìbáà jẹ́ ọdún 10 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ padà lọ, nítorí pé awọ tí oògùn ti sọ di fẹ́lẹ́ náà ni kòkòrò àrùn lè gbà wọlé.