Kíkọ̀wé fún Ìkànnì: Báwo Ni Ọ̀rọ̀ Wa Ṣe Lè Tètè Yé Ẹni Tí Ń Kà Á?

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbọ́ pé ìjọ kan ní àdúgbò rẹ̀ fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣí ìkànnì ìjọ náà lórí fóònù. Kí ni wọ́n rí? Ìkíni oníìpínrọ̀ mẹ́ta, orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, àti ọpẹ́ sí àwọn tó dáwó. Dátà tán kí wọ́n tó dé ibi tí a kọ aago sí. Nígbà tí màmá yóò fi dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn dókítà ti lọ.

Kò sí irọ́ kankan nínú ìkéde náà. Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò dára. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò gbé ohun tí àlùfáà, akọ̀wé ìjọ àti ẹnikẹ́ni tí a fi iṣẹ́ ìkànnì lé lọ́wọ́ lè ṣe yẹ̀ wò, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀.

Báwo Ni Àwọn Ènìyàn Ṣe Ń Ka Ìkànnì?

Láti ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ni a ti ń tẹ ìwé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó ní ìwé ìròyìn lọ́wọ́ lè fara balẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ìkànnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan pàtó ni olùkà sábà máa ń wá lọ síbẹ̀; bí kò bá tètè rí i, yóò kúrò.

Ní ọdún 1997, John Morkes àti Jakob Nielsen ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí ní Amẹ́ríkà. Ìpín 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó kàn ń sáré fojú wá ọ̀rọ̀ káàkiri ojú ewé tuntun; ìpín 16 péré ni ó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa ìpínlẹ̀ Nebraska ní ọ̀nà márùn-ún. Èyí tí wọ́n gé kù sí nǹkan bí ìdajì fi ìpín 58 nínú ọgọ́rùn-ún wúlò fún olùkà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tí wọ́n gé kúrú, tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí, tí wọ́n sì yọ àsọdùn kúrò nínú rẹ̀, fi ìpín 124 dára jù ú lọ. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀pọ̀ òye.

Ohun Tí Olùkà Ń Wá Ni Kí Ó Ṣíwájú

Nílẹ̀ Yorùbá, ìkíni ni ó máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀. A kò sọ pé kí a pa àṣà rere yìí tì. Àmọ́ lórí ìkànnì, ọ̀wọ̀ tí ó ga jù lọ tí a lè bù fún olùkà ni pé kí a má fi àkókò àti dátà rẹ̀ ṣòfò. Ẹ wo ìkéde yìí:

“Ìgbìmọ̀ ètò ìlera ìjọ wa ń fi ìdùnnú ńlá kéde fún gbogbo mùtúmùwà pé ètò ti parí lórí àyẹ̀wò ojú tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún.”

Olùkà kò tíì mọ ọjọ́, kò mọ aago, kò sì mọ ibi tí yóò lọ. Ẹ wá fi í wé èyí:

“Àyẹ̀wò ojú lọ́fẹ̀ẹ́: ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta, 2026, aago 9 òwúrọ̀ sí aago 12 ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn ìjọ. Ọmọ ìjọ àti àlejò ni a pè. Ẹ mú awò ojú tí ẹ ń lò dání.”

Àdírẹ́sì gbọ̀ngàn náà ni kí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kí ìkíni àti ọpẹ́ tó wọlé.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òtítọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ó mọ̀ wá tí a sì mọ̀ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ń ka ìkànnì kò mọ “ibi tí a máa ń lò.” Odindi ọ̀rọ̀ ni kí a sọ fún un. Bákan náà, “ọ̀la” àti “ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀” kò wúlò lórí ojú ewé tí ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ni kí a kọ; bí ètò bá sì ti kọjá, kí a sọ bẹ́ẹ̀ lókè ìkéde náà.

Àkọlé, Ìlujá àti Àwòrán

Àkọlé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. “Ìròyìn Ayọ̀!” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ó rí i láàárín ọ̀pọ̀ àkọlé mìíràn lórí Google.

Ìlujá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ láti dé ojú ewé mìíràn, gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ń gbéni lọ. Àwọn afọ́jú máa ń lo ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí, ó sì lè ka kìkì àwọn ìlujá tí ó wà lójú ewé tẹ̀ léra. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ “Ẹ tẹ ibí,” báwo ni wọn yóò ṣe mọ èyí tí wọ́n ń fẹ́?

Ohun mìíràn ni ìkéde tí a yà bí àwòrán, tí a sì gbé sójú ìkànnì láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú lè má rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Kí a tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sísàlẹ̀.

Ṣé Àmì Ohùn Ṣe Pàtàkì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní a kọ ọ́ sórí ìkànnì pé: “Ki olukuluku mu owo wa fun ise imototo.” Ṣé owó ni wọn yóò mú wá, àbí ọwọ̀ tí wọn yóò fi gbálẹ̀? Àwọn kan yóò dé pẹ̀lú owó, àwọn mìíràn yóò dé pẹ̀lú ọwọ̀, ẹni tí kò ní owó yóò sì jókòó sílé.

Lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó ṣòro láti kọ àmì sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò bá Unicode mu, ìyẹn ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà kárí ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, nítorí náà àpótí òfìfo ni olùkà máa ń rí. Lónìí, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù, irú bíi Gboard ti Google. Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún: àwọn kan ń fi àmì tó-tó sí abẹ́ ṣ, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré síbẹ̀. Ojú lè má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ sì lè má rí èyí tí a fi èkejì kọ. Kí a mú ọ̀kan, kí a sì lo òun nìkan.

Kí A Tó Gbé E Jáde

Ó dára kí a bi ara wa ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

• Ǹjẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè olùkà?
• Ǹjẹ́ ọjọ́, ọdún, aago àti àdírẹ́sì pé?
• Ǹjẹ́ àlejò tí kò mọ̀ wá rí lè lóye rẹ̀?
• Ǹjẹ́ a ti kà á sókè, tí a sì ti wò ó lórí fóònù kékeré?

Lẹ́yìn náà, kí a fún ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kà, kí a sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ fún wa. Bí ó bá ṣì ń béèrè pé, “Aago mélòó ni?” iṣẹ́ wa kò tíì parí. Ó sàn kí òun béèrè lónìí ju kí màmá wa bá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní títì lọ́la.