Ojú Páálí, Ẹ̀yìn Páálí: Àwòrán Àwo Orin láti Pálọ̀ Bódìjà dé Ojú Fóònù

Ohùn, ìlù àti ọ̀rọ̀ orin ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí orin Yorùbá gbájú mọ́; díẹ̀ ló bìkítà fún páálí tí wọ́n ń kó àwo orin sí. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé àkọsílẹ̀ ìtàn ni páálí náà. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa láyé gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹwà ojú rẹ̀ nìkan. Àwọn orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló jọjú jù.

Ní nǹkan bí 1940 ni Alex Steinweiss, ayàwòrán ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà, sọ yíya àwòrán sára páálí àwo di àṣà. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé àwo ńlá jáde. Páálí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 31 níbùú lóròó. Nígbà tí irú àwo yìí ń gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ń kọ́ àwọn ilé ìgbàlódé sí Bódìjà, ní Ìbàdàn, láti òpin àwọn ọdún 1950. Nínú pálọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ni rédíógíráàmù, ojú àlejò sì ni wọ́n ń to páálí àwo sí.

Ojú páálí ń ṣe iṣẹ́ oríkì. Bí ọlọ́rin bá wọ agbádá aṣọ òkè, tí onígángan àti onígìtá rẹ̀ tò yí i ká, òǹwòran ti mọ ipò rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo. Ẹ̀yìn páálí ni àkọsílẹ̀ wà: àkọlé orin, nọ́ńbà àwo, ilé-iṣẹ́, ọdún, àti nígbà mìíràn orúkọ àwọn onílù. Èyí kan àwa onílítíréṣọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Lánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì wọn sórí àwo ní Ìbàdàn. Ọládàpọ̀ tilẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀. Fún irú ewì bẹ́ẹ̀, páálí ni ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ìgbà tí ewì jáde.

Lemi Ghariokwu fi hàn bí àwòrán ṣe lè di àlàyé orin. Páálí 26 ló ṣe fún Fẹlá. Lórí èyí àkọ́kọ́, Alagbon Close ti 1974, Fẹlá ń jó pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n jíjá lọ́wọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wó, ẹja àbùùbùtán sì ń da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá nù. A lè tọpa èrò ayàwòrán yìí láti páálí dé páálí nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò tó ya ojú páálí jùjú àti fújì kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2015. Spotify dé ní 2021. Ojú páálí wá súnkì di àmì kékeré tí àtàǹpàkò lè bò. Lórí African Giant ti Burna Boy, tó jáde ní 2019, wọ́n ṣe àwòrán náà bí owó bébà, ṣùgbọ́n fínfín ara owó kì í hàn ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àwo àtijọ́ tún máa ń gba ọdún tí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ọdún náà ni wọ́n kọ ọ́. Láti 2018 ni Spotify ti ń fi orúkọ òǹkọ̀wé orin àti olóòtú rẹ̀ hàn. Onígángan àti ayafọ́tò kì í sábà sí níbẹ̀.

Èrè wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀dọ́ tí kò ní owó àwo rí lè wo ojú páálí Fẹlá lónìí láìná nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ń wò. Bódìjà kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Ilé Àkójọ Ìwé Ìtàn Ìjọba Àpapọ̀ àti Ibùdó Ẹ̀kọ́ Nípa Ilẹ̀ Áfíríkà wà. Kí àwọn àrólé tó ta àwo bàbá wọn, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ya tojú tẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orin yóò wà, àwọn tó lu ìlù rẹ̀ yóò sì di aláìlórúkọ.