Àbẹ́là Ọjọ́ Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni Johann Hinrich Wichern ní Hamburg. Ó tọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sílé, ó sì rí ìṣẹ́ tí ń bá wọn fínra. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò tó. Lọ́dún 1833 ó ṣí Rauhes Haus fún àwọn ọmọ aláìní, òun àti ìyá rẹ̀ (ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́!) ń bá wọn gbé níbẹ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì 1839 ń bọ̀, ó to àbẹ́là sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, kí wọ́n lè máa ka ọjọ́: ńlá mẹ́rin fún ọjọ́ ìsinmi, kéékèèké fún ọjọ́ iṣẹ́. Lórí adé ewé tí a ń tàn ní Berlin lónìí, mẹ́rin ọjọ́ ìsinmi nìkan ni ó ṣẹ́kù.